Ẹṣin Tó Yẹ̀ Sẹ́gbẹ̀ẹ́

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni àwọn kọ́bọ́ì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú ní pálọ̀ ọmọ mi ní Thamesmead. Bí mo bá wà ní yàrá mi, mo máa ń gbọ́ wọn: ìbọn á dún, àwo á fọ́, ẹṣin á yán, nǹkan wúwo kan á já lulẹ̀ láti òkè. Lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ ẹ̀rín obìnrin tí ọkọ mi fẹ́ lé mi.

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, èmi sì ti ń sún mọ́ ọgọ́rin. Ọkọ tó da àwa méjèèjì pọ̀ ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìbàdàn tipẹ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí fún un ló mú un wá sí London. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ọmọ náà ń ṣe, yàrá kan ló sì ń gbé ní Woolwich, lókè ṣọ́ọ̀bù kan. Nígbà tí òtútù dé, tí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ọmọ mi ọkùnrin, ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì, ní kí wọ́n gbé e wá sílé òun. Kò bi mí léèrè kó tó gbé e dé. Ó rò pé ìyá méjì nínú ilé á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọkùnrin nìkan ló lè ro irú èrò yẹn.

Nígbà tó rí ojú mi, ó fà mí wọ kíṣìnì.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, títí ìparí oṣù yìí ni. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n dúró lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á dúró. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n lọ, màá gbé wọn padà sí Woolwich, màá sì sọ pé ilé ò gbà wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni màá tẹ̀ lé."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà sì mọ̀ pé ó mọ̀. Ní àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi, tí orúnkún rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

"Ìyálé mi, ẹ káàárọ̀."

"Dìde. Wọn kì í ta orúnkún ní ọjà Powis Street."

Kì í ṣe ìjà orogún ni mo fẹ́ kọ síbí. Ó ti rẹ̀ mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹbí ọkọ mi ni mi ò tíì gbé kalẹ̀ lọ́kàn. Olùkọ́ ni mí, ọkọ mi sì jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n mú obìnrin yìí wọlé pẹ̀lú oyún, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin jókòó sórí àga mi, ó jẹ iyán mi tán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ìyàwó, ojú rẹ ti le jù. Ọkùnrin tó bá ń bá pátákó ìkọ̀wé gbélé, á wá ibi tí yóò ti rẹ́rìn-ín lọ." Gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un wí níbi ìsìnkú ọkọ mi pàápàá, lẹ́yìn mi, wọn ò sì jìnnà sí ẹ̀yìn mi tó.

Èsì tí mo ń fún wọn láti ìgbà náà kò yí padà: ọkọ mi kì í rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Á jẹun láìsọ̀rọ̀, á ka ìwé ìròyìn dé ibi ìkéde òkú, á ní "Ó dáa" bí ọmọ bá gba ipò kìíní. Eyín rẹ̀ tó wà lẹ́yìn, mo gbà pé dókítà eyín nìkan ló rí i. Ìgbàgbọ́ yìí ni mo fi gbé ayé mi. Ẹni tí kò ní ẹ̀rín, kò sẹ́ni tó lè sọ pé mo lé ẹ̀rín rẹ̀ jáde nílé.

Òtútù ló kọ́kọ́ mú mi jókòó ti ìyàwó mi ní pálọ̀. Yàrá tèmi kì í móoru títí alẹ́. Ó ti rí ìkànnì tí wọ́n ti ń ṣe àwọn kàtúùn àtijọ́, èyí tí kì í gùn ju àkókò tí omi fi ń hó lọ, kò sì fẹ́ wo nǹkan mìíràn mọ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ẹni tó ṣubú kò sì nílò ògbufọ̀. Èmi á gbé ìwé dání, bí ẹni pé mi ò wò. Mo máa ń rí wọn náà: ọ̀gá ọlọ́pàá tí fìlà rẹ̀ tóbi débi pé adìyẹ ń yé sí i, ìbọn tí wọ́n yìn, tí ọta yọjú, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó padà sínú ìbọn. Ọgbọ́n ọmọdé. Síbẹ̀ obìnrin yìí á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbà á.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo ti lọ ra búrẹ́dì àti ẹja ní Thamesmead Town Centre, bọ́ọ̀sì sì ti pẹ́ kó tó gbé mi. Mo wọlé, mo jókòó láìbọ́ kóòtù. Lórí tẹlifíṣọ̀n, olè kúkúrú kan, tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ti ja báńkì kan lólè. Ó sáré gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹṣin rẹ̀ dúró dè é nísàlẹ̀ fèrèsé. Ó fò. Ẹṣin yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, olè bá wọ inú ọpọ́n omi. Ó jáde, ó fi ẹfun fa ìlà yí ẹsẹ̀ ẹṣin ká, ó na ìka sí i pé kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, ó tún gòkè lọ.

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹṣin kò tíì ṣe nǹkan kan. Ó dúró síbẹ̀, ó ń ṣẹ́jú. Ìgbà tí ìyàwó mi rín ẹ̀rín tán ni ẹṣin náà tẹ orí ba, ó fi eyín gbé ìlà ẹfun kúrò nílẹ̀, ó ká a bí okùn, ó tẹ́ ẹ síbòmíràn, ó sì wọ inú rẹ̀.

Mo ti bá ọmọ ilé ìwé lò pẹ́. Ọmọ tó bá rẹ́rìn-ín kí olùkọ́ tó dé ibi ẹ̀rín, ó ti ka ìwé náà ṣáájú.

"Níbo lo ti rí èyí rí?"

"Ó ti pẹ́, ìyálé mi."

"Mo ní níbo?"

Ó mú rìmóòtù, ó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. "Sinimá kan ni, lọ́nà Dùgbẹ̀. Wọ́n máa ń fi irú èyí síwájú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù gan-an. Wọ́n ti sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí."

"Ta ló ń mú ọ lọ?"

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Baba àwọn ọmọ ni. Lọ́jọ́ Sátidé."

"Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé àwọn olùkọ́."

"Wọ́n ní ìpàdé náà kì í pẹ́ tán."

Èmi ni mo máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ń wọ̀ lọ síbi ìpàdé yẹn. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni, èéfín rẹ̀ ń bọ́ sí mi lójú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo bi í. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ó ń rẹ́rìn-ín?"

"Ta, àwọn?" Ó gbàgbé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ tàn. "Ìyálé mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi fìlà bojú! Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú wa yíjú padà lọ́jọ́ kan, ó ní, 'Alàgbà, ẹ rọra o, ẹ má kú sí wa lọ́rùn.' Bá a bá wá jáde, tí mo ní kí n di apá wọn mú, wọ́n á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹṣin yẹn. Wọ́n á wá máa wòkè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan." Ìgbà náà ló rí ojú mi. "Ẹ má bínú."

Mo dìde, mo lọ sí yàrá mi tòun ti kóòtù lọ́rùn. Ilẹ̀, aṣọ, àga tó kó lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ni mo ti fi sílẹ̀. Èyí ni mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ láti kó. Àṣé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ọbẹ̀, òótọ́ ló ń sọ. Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé ìyàwó mi á lọ. Mo ti to gbólóhùn náà sílẹ̀ pàápàá: ilé ò gbà wá.

Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ ẹ̀rín láti pálọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà, ọmọ mi fi mọ́tò gbé mi lọ sí Lesnes Abbey, níbi àwókù ilé àwọn ẹlẹ́sìn ayé àtijọ́. Ó fẹ́ràn láti máa mú mi lọ síbẹ̀, torí pé àga wà níbẹ̀ téèyàn lè jókòó sí. Ògiri ibẹ̀ kò ga tó orúnkún níbòmíràn. Òyìnbó a máa tọ́jú ohun tó wó ju ohun tó dúró lọ. Nísàlẹ̀, lọ́wọ́ Abbey Wood, wọ́n ń kọ́ ibùdó rélùwéè tuntun, ariwo ẹ̀rọ wọn sì ń dé ọ̀dọ̀ wa.

"Mummy, oṣù ti parí. Kí ni kí n sọ fún sister?"

Mo la ẹnu láti sọ gbólóhùn mi. Mo wá rí yàrá Woolwich yẹn lọ́kàn mi, lókè ṣọ́ọ̀bù, àti obìnrin yẹn lórí ibùsùn níbẹ̀. Bí mo bá lé e, á kó gbogbo ẹ̀rín ọkùnrin yẹn lọ sókè ibẹ̀. Á wá ku èmi àti ìwé ìròyìn. Kò sí ẹlòmíràn láyé mọ́ tó rí i nígbà tó ń rẹ́rìn-ín.

"Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò lọ ibì kankan."

Ó dì mọ́ mi. "Ẹ ṣé, Mummy. Mo mọ̀ pé ẹ máa dárí jì wọ́n."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo dárí ji ẹnikẹ́ni? Gbé mi lọ sílé, aago mẹ́ta ń lù."

Nígbà tá a dé, ìyàwó mi jókòó sí etí àga, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ohùn tẹlifíṣọ̀n tán, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo sọ fún un pé á dúró. Ó ń wá ọ̀nà àtikúnlẹ̀, mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀.

"Bí ó ṣe máa ń ṣe é," mo ní, "bí ẹṣin. Fi hàn mí."

Ó wò mí bóyá mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó di ẹ̀yìn àga mú, ó dìde, orúnkún rẹ̀ ké. Ó dúró ṣánṣán bí ọ̀gá ilé ìwé. Ó wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó ń wo àjà.

Mo wò ó pẹ́.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?"

"Tiwọn yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyálé mi."

Mo bọ́ kóòtù, mo jókòó. Mo ní kó tún un ṣe.