Ìhà Ìyá Nínú Rárà Kúlúsúmù

Ní ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ìbàdàn, tí àwọn àgbàlagbà ṣì ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ wo èéfín rẹ̀, obìnrin aláró kan wà ní Ìsàlẹ̀ Òsì tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá. Ọkọ rẹ̀ ni Yésúfù, tí ń rán gàárì ẹṣin gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti rán an, tí gbogbo ènìyàn fi ń pe agbo ilé wọn ní ilé Onígàárì. Sẹ̀gilọlá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá kí ènìyàn tán, ìdí ìkòkò aró ló ń padà sí. Aró ti wọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, kò sì sí ọṣẹ tí ń bọ́ ọ mọ́.

Ogun Kírìjì ló gbé e dé Ìbàdàn, nígbà tí ogun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà náà, èjìká jagunjagun ló sì gùn wọ ìlú. Kò mọ orúkọ ìlú rẹ̀. Bàbá ni ó ń pe bàbá rẹ̀, Ìyá ni ó ń pe ìyá rẹ̀. Orúkọ tí ẹlòmíràn ń pè wọ́n, kò rántí rẹ̀ dé Ìbàdàn. Ilé Onígàárì ló sọ ọ́ ní Sẹ̀gilọlá, ibẹ̀ ló dàgbà sí, nígbà tí ó sì tó obìnrin, wọ́n fi í fún Yésúfù, ọmọ ilé náà. Kò sun rárà ìyàwó, nítorí pé láti yàrá kan sí èkejì ni ó ṣí lọ.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, Àtọ́kẹ́ dá ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ nínú agbo ilé náà. Àgbà ọmọ obìnrin ilé ni Àtọ́kẹ́; ó ti kọ ọkọ, ó ti padà wálé bàbá rẹ̀ tipẹ́. Àgbà kan ni ó kú nínú ilé, tí àwọn ìyàwó ilé dúró bí òpó, tí kò sí ẹnì kan tí ó lè ki òkú náà dé ìlàjì. Àwọn ìyá àgbà tí ó mọ oríkì ilé ti kú tán, àwọn ìyàwó tí ó sì kù, ọ̀nà tí olúkúlùkù gbà dé yàtọ̀ síra. Ojú ti Àtọ́kẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kírun àsárì tán, ó ń kó àwọn ìyàwó jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, abilékọ ọlọ́mọ mẹ́ta, ọlọ́mọ márùn-ún, ó ń kọ́ wọn ní kíkì àti rárà.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò yá rárá. Fún ọjọ́ pípẹ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni la ẹnu. Òun nìkan ni yóò máa sun rárà, àwọn yóò máa gbọ́. Bí ó bá dákẹ́, yóò bi wọ́n léèrè.

"Níbo ni mo ti mí?"

"Ẹ ò mí, Ìyá," ni Ràbíátù wí nígbà kan. Ìyàwó tí ahọ́n rẹ̀ mú jù nínú ilé ni Ràbíátù.

"Bí n kò bá mí, ṣé òkú ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí? Ẹni tí kò mọ ibi tí ohùn ti fẹ́ já, níbo ni yóò ti gbè é?"

Sẹ̀gilọlá kì í dáhùn ní tirẹ̀. Ìdí tí ó fi ń wá kò jọ ti àwọn yòókù. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó Kúlúsúmù, ọmọbìnrin rẹ̀, fún ilé kan ní Ọjà'ba. Ọjọ́ tí ìyàwó bá ń lọ ilé ọkọ, yóò sun rárà níwájú bàbá, yóò ki ìdílé bàbá. Yóò sun ún fún ìyá, yóò ki ìdílé ìyá. Ìyàwó tí kò bá ní ohun tí yóò wí ní ìhà ìyá, ẹlẹ́nu gbòòrò kò wọ́n tí yóò fi í ṣẹ̀sín. Kúlúsúmù sì ti béèrè.

"Ìyá mi, kí ni kí n wí nípa tiyín?"

"Jẹ́ kí n rò ó," ni Sẹ̀gilọlá fi dá a lóhùn, ó sì gba ọ̀dọ̀ Àtọ́kẹ́ lọ.

Ó gbọ́, ó sì mú un. Nígbà tí Àtọ́kẹ́ yọ̀ǹda fún wọn láti la ẹnu, òun ló kọ́kọ́ ki ilé Onígàárì dé òpin láìṣìnà. Inú rẹ̀ dùn. Lójú rẹ̀, ilé tí ó tọ́ òun ni ilé òun. Ohun tí ó kọ́ nírọ̀lẹ́ ni ó ń fi kọ́ Kúlúsúmù lálẹ́, kí ó lè fi ki ìyá rẹ̀.

Kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, àwọn ìyàwó ní kí Kúlúsúmù wá sun rárà rẹ̀ fún àwọn, kí àwọn lè mọ bí àwọn yóò ti gbè é. Ó ki ìdílé bàbá, wọ́n gbè é, ó dùn. Ó kọjú sí ìhà ìyá, ó tún ki ilé Onígàárì bákan náà. Ohùn elégbè bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

"Ẹ dúró ná," ni Ràbíátù wí. "Ṣé àbúrò rẹ̀ ni ọkọ wa Yésúfù fi ṣaya ni?"

"Àbúrò kẹ̀?" ni ẹlòmíràn dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ẹ ò rí bí ó ti ń rán an níṣẹ́?"

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba ẹ̀rín. Kúlúsúmù fi ìborùn bojú. Àtọ́kẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Sẹ̀gilọlá, mo kọ́ ọ láti ki ilé ọkọ rẹ," ni ó wí. "Bí o bá pe ara rẹ ní ọmọ ilé yìí, ọmọ bàbá kan náà ni ìwọ àti ọkọ rẹ. Bí ará Ọjà'ba bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní inú èèwọ̀ ni a ti bí ọmọ tí a fẹ́ fún wọn."

Nígbà tí wọ́n dé yàrá, Kúlúsúmù kò jókòó.

"Ìyá mi, bí ẹ kò bá ní in, ẹ wí pé ẹ kò ní in. N óò dákẹ́ níhà tiyín."

Ní ọjọ́ kejì, Ràbíátù bá Sẹ̀gilọlá nídìí aró. Ó ti ń kábàámọ̀ ẹ̀rín àná.

"Ìyá Kúlúsúmù, ẹ yá ti ilé bàbá mi lò. Oríkì wa pọ̀, kò lè tán."

"Kí ni wọn kì í jẹ nílé yín?"

"A kì í jẹ ẹyin awó."

"Òun ni èmi àti Kúlúsúmù fi jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀ yìí."

"Ta ni yóò ròyìn fún wọn l'Ọ́jà'ba?"

"Ọ̀nà ọ̀fun Kúlúsúmù mọ̀," ni Sẹ̀gilọlá wí, ó sì ń ro aró rẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àtọ́kẹ́ dá a dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù lọ.

"Kí ni o rántí? Má wí èyí tí wọ́n sọ fún ọ. Èyí tí o rántí ni mò ń bi ọ́."

Sẹ̀gilọlá ní ìyá òun a máa kọ orin kan bí ó bá ń pa ekùrọ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lọ. Àtọ́kẹ́ ní kí ó dá a. Ó dá a pẹ̀lú ẹnu pípadé. Ohùn náà ń gòkè níbi tí rárà Ọ̀yọ́ ti ń sọ̀, ó sì ń ṣẹ́ bí ẹni pé ó fẹ́ já, kò sì já. Àtọ́kẹ́ dijú, ó mú kí ó tún un dá, ó tún mú kí ó dá a.

"Ohùn apá Èkìtì ni," ni ó wí níkẹyìn. "Ìlú wo, n kò mọ̀. Ilé wo, n kò mọ̀. Irọ́ ni n óò pa bí mo bá fi kún un. Bí ọmọ rẹ yóò bá ki ọ́, kí ó fi èyí ki ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti la ẹnu báyìí, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ pé ogun ló mú ọ wá."

Ọ̀rọ̀ náà wúwo. Ní ilé Onígàárì, a kì í sọ irú rẹ̀ lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọmọlúàbí a máa bò ó. Sẹ̀gilọlá gbé e lọ sídìí aró, ó rò ó títí ẹ̀lú inú ìkòkò kan fi bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wí fún ọkọ rẹ̀.

"Kí ni àwọn àna yóò wí?" ni Yésúfù bi í.

"Ohun tí wọ́n ti ń wí ni. Èmi ni n kò tíì wí i."

Yésúfù wò ó, ó tún fa awọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń rán an. Ó jọ pé ó ti gbà.

Ni Sẹ̀gilọlá bá fi ọ̀rọ̀ tuntun sí ohùn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ Kúlúsúmù. Ọmọ náà kọ́kọ́ ṣe é bí ẹni tí a fipá fún lóògùn, ṣùgbọ́n kò ní òmíràn, ó sì kọ́ ọ.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn obìnrin Ọjà'ba ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti mú ìyàwó. Sẹ̀gilọlá wà nínú yàrá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìyá ìyàwó kì í gbè é, ìre ni tirẹ̀ nígbà tí ọmọ bá wá kúnlẹ̀. Kúlúsúmù ki ìhà bàbá, elégbè gbè é. Ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀, ó pa ohùn dà:

Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú mi.
Ogun ló gbé ìyá mi wá,
N kò mọ odò tí wọ́n ń pọn,
N kò mọ ọjà tí wọ́n ń ná;
Aró ni mo bá lọ́wọ́ ìyá mi,
Aró ni mo fi mọ ìyá mi láàárín ọgọ́rùn-ún.

Ó dákẹ́ kí wọ́n gbè é. Kò sí ẹni tí ó gbè é. Ọ̀rọ̀ kọ́ ló dí wọn lẹ́nu. Ohùn náà ni wọn kò mọ. Nínú ìdààmú àti ìfipamọ́, kò sí ẹni tí ó rántí kọ́ elégbè. Àwọn ará Ọjà'ba ń wo ara wọn.

Sẹ̀gilọlá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà láti inú yàrá. Ó dìde, ó jáde sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ aró rẹ̀, ó sì gbè é. Òun nìkan ló gbè é, lójú àna, lójú ọkọ, lójú gbogbo ilé. Nígbà tí Kúlúsúmù tún un wí, Àtọ́kẹ́ ti rí ibi tí ohùn náà ti ń mí, ó bọ́ sí i. Àwọn ìyàwó tẹ̀ lé e bí wọ́n ti lè ṣe é. Ràbíátù ṣìnà pátápátá, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ ló ròkè jù.

Ìyá àgbà kan láti Ọjà'ba sún mọ́ Àtọ́kẹ́.

"Ohùn ibo nìyẹn?"

"Ti ìyá ìyàwó ni."

"Ó dáa," ni ìyá náà wí. "Ẹ jẹ́ kí ó kúnlẹ̀ gba ìre, ilẹ̀ ń ṣú."

Kúlúsúmù gba ìre, wọ́n sì mú un lọ.

Kò pẹ́ tí òkìkí orin náà kàn dé àdúgbò Yemẹtu. Obìnrin àgbà kan níbẹ̀, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ogun kan náà kó wá, fi ọ̀pá rìn dé ìdí aró, ó ní kí Sẹ̀gilọlá dá a kí òun gbọ́. Sẹ̀gilọlá dá a.

"Kì í gòkè níparí," ni obìnrin náà wí. "Ó ń sọ̀ ni."

"Ó ń gòkè létí tèmi, Ìyá."

"Ìwọ ni o gbàgbé."

"Ó lè jẹ́ ẹ̀yin ni."

Wọ́n dá a ní tibí, wọ́n dá a ní tọ̀hún, títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wọn nídìí aró. Wọn kò fẹnu kò.