Oúnjẹ Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nílé Bà Sáu

Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí mo ti wọṣọ tán, tí mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìlàjẹ, Bàrígà, tí mò ń retí Bàbá Tósìn aládùúgbò wa tó fẹ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀sà dákẹ́ rọ́rọ́ lẹ́yìn ilé. Èéfín ṣì wà lára aṣọ mi bí mo tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹja yíyan ni iṣẹ́ mi, iṣẹ́ ìyá mi sì ni kó tó di tèmi. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí. N kò kúrò ní Nàìjíríà rí, àfi ìgbà kan tí mo dé Kútọ̀nù, ọjọ́ kejì ni mo sì padà.

Ibi tí mò ń lọ lọ́tẹ̀ yìí jìnnà ju Kútọ̀nù lọ. Mojísọ́lá, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, ló wà ní ilẹ̀ Fiẹtinámù. Ó lọ fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó pàdé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tuấn, ọdún kan sì di méje. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní An, èmi sì ń pè é ní Morẹ́nikẹ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Bàrígà rí. Ohun tí mo torí rẹ̀ ń rìn nìyẹn. Ilé ìyá Tuấn ni wọ́n ń gbé, ìyá ló ni ọ̀rọ̀ nínú ilé náà, kò sì tíì gbà kí wọ́n gbé ọmọ wá sí Èkó. Mojí ti sọ fún mi lórí fóònù pé, "Màámi, wọn ò ní gbọ́ lẹ́nu tèmi o. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá bá wọn sọ ọ́. Àgbà sí àgbà ni."

A gba Bàrígà kọjá sí Shómólú, níbi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ṣì wà ní títì, a sì já sí Onípanu. Ojú títì ṣófo débi pé mo rò pé ìlú mìíràn la wà. Bàbá Tósìn bojú wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Màámi, wọ́n ní wọ́n ń jẹ ajá níbẹ̀ o."

"Kí ló wá burú? Ṣebí ìpínlẹ̀ Oǹdó la ti wá."

Ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé Maryland.

Mo wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Dúbáì, mo sì tún wọ òmíràn níbẹ̀. Mo sùn, mo jí, ojú sánmà ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, mo jẹ ẹ́, n kò lè sọ fún yín bóyá oúnjẹ àárọ̀ ni tàbí ti alẹ́. Wákàtí mẹ́fà ni àwọn ará Fiẹtinámù fi ṣíwájú wa. Mo ń wo aago ọwọ́ mi tó ṣì wà ní Bàrígà, mo sì ń sọ lọ́kàn pé àsìkò yìí ni wọ́n ń kó ẹja sókè láti inú ọkọ̀ ojú omi.

Nígbà tí a balẹ̀ ní ìlú Hồ Chí Minh, tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ṣì ń pè ní Sài Gòn, ooru tó pàdé mi kò yàtọ̀ sí ti Èkó. Mojí fò mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ dídán, àwọn èrò sì ń fa àpótí wọn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo ní kó dìde jàre, aṣọ funfun ló wọ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

A wọ ọkọ̀ elérò lọ sí Cần Thơ, ìlú wọn, ìrìn wákàtí mẹ́rin. Ibùsùn ló wà nínú ọkọ̀ náà dípò ìjókòó. Kí a tó gòkè, awakọ̀ na ọ̀rá kan sí mi. Mo rò pé ó rò pé màá bì ni, mo ní kó má ṣe ìyọnu, ara mi le. Mojí ní, "Bàtà yín ni, Màámi. Ẹ bọ́ ọ, kí ẹ fi sínú ọ̀rá." Bí a ṣe wọ ọkọ̀ láìwọ bàtà nìyẹn, bí ẹni wọ yàrá ẹni. Níbi tí a ti dúró sinmi, wọ́n so àwọ̀n mọ́ òpó, àwọn èrò sì ń dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹja. Èmi náà dùbúlẹ̀. Tuấn gbé kọfí dúdú wá fún mi, mílíìkì dídùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, yìnyín wà lókè. Mo ń mì lọ, mo ń mì bọ̀, mo ń wo oko ìrẹsì tó tẹ́ lọ rẹrẹ, odò lẹ́yìn odò, afárá lẹ́yìn afárá. Mo gbàgbé pé mo ní orúnkún tó máa ń dùn mí.

Etí odò ni ilé náà wà. Bà Sáu, ìyá Tuấn, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bà ni ìyá àgbà. Sáu ni ẹ̀fà. Ní ìhà gúúsù ilẹ̀ wọn, ipò tí wọ́n bí ènìyàn sí ni wọ́n fi ń pè é, bí àwa náà ṣe ń pe ẹni tó tẹ̀lé ìbejì ní Ìdòwú. Ó kúrú, ó gbẹ, ojú rẹ̀ mú. Mo gbé ẹja yíyan tí mo dì wá fún un. Ó tú u, ó gbé e sí imú, ó di ojú, ó sì mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé ẹni tó mọ ẹja ni. Morẹ́nikẹ́ sá sẹ́yìn rẹ̀, ó ń yọjú wò mí. Iwájú orí mi gan-an ló wà lára ọmọ náà.

Oúnjẹ ni Bà Sáu ń tà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti gbé ìkòkò ńlá kaná níwájú ilé, egungun ẹlẹ́dẹ̀ ń hó nínú rẹ̀. Hủ tiếu ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, wọ́n da omi ọbẹ̀ gbígbóná lé e, wọ́n fi edé, ẹran tín-ínrín àti áyù díndín sí i. Àwọn ewé tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, olúkúlùkù ń já tirẹ̀ sínú abọ́. Lọ́dọ̀ wa, ta ni í jẹ ewé láìsè é? Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì owó wọn ni abọ́ kan. Tí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, kò tó owó ìrẹsì ẹlẹ́ran ní Onípanu. Ìkùukùu wà lórí odò, ooru ọbẹ̀ ń gòkè lọ bá a, àwọn obìnrin ń tukọ̀ tó kún fún ọ̀pẹ̀-òyìnbó kọjá nínú rẹ̀, n ò sì gbọ́ ìró kankan. Àárọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, mo rò pé ojú àlá ni mo ṣì wà.

Nírọ̀lẹ́, àwa nìkan la máa ń jẹun nínú ilé. Gbogbo ọbẹ̀ á wà láàárín, ìrẹsì olúkúlùkù á wà nínú abọ́ kékeré tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan sẹ́nu, Morẹ́nikẹ́ á kọ́kọ́ pe àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, "Con mời bà," ìyẹn ni pé, ìyá àgbà, ọmọ yín ní kí ẹ wá jẹun. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń jẹun ló ń pe ẹni tó ń kọjá. Níbẹ̀, ọmọdé ló ń pe àgbà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹja tí wọ́n fi ṣúgà àti ata sè nínú ìkòkò amọ̀ ni a jẹ lálẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n fi nước mắm sí i, omi ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ títí ó fi kan. Òórùn rẹ̀ le ju irú lọ, ṣùgbọ́n nínú ọbẹ̀, ẹ ò ní bá a jà. Bà Sáu fi igi ìjẹun rẹ̀ mú ikùn ẹja, ibi tó lọ́ràá jù, ó gbé e sínú abọ́ mi.

Mo jẹun. Nígbà tí mo yó tó, mo fi ikùn ẹja náà àti ìrẹsì díẹ̀ sílẹ̀, mo rọra ti abọ́ sí ìhà ọ̀dọ̀ Morẹ́nikẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ mọ ìdí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ìyá mi ṣe máa ń fi sílẹ̀ fún wa nìyẹn, ìjà la sì máa ń jà lé e lórí. Bà Sáu wo abọ́ náà, ó gbé e kúrò. Mo rò pé ó fẹ́ fi pamọ́ fún ọmọ ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí Mojí bá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ wá sí Èkó ní ìsinmi tó ń bọ̀. Bà Sáu ní a ó máa wò ó. Alẹ́ ọjọ́ náà, ọbẹ̀ kíkan pẹ̀lú ọ̀pẹ̀-òyìnbó ló sè. Mo tún fi èyí tó dára jù sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, pẹ́pẹ́yẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, edé ńláńlá, ó bó èèpo wọn fún mi fúnra rẹ̀. Lálaalẹ́ ni ọbẹ̀ ń yí padà, lálaalẹ́ ni mò ń fi díẹ̀ sílẹ̀, lálaalẹ́ sì ni ojú Bà Sáu ń le sí i. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń bí i nínú.

Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún, mo tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìnkùlé láti bá a fọ abọ́. Ojú mi báyìí ló ṣe da ikùn ẹja tí mo fi sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ mi sẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ tó ń sìn níbẹ̀. Inú bí mi. Mo pe Mojí.

"Bi ìyá ọkọ rẹ léèrè ohun tí mo fi ṣe é. Ṣé ẹnu mi ni kò mọ́, tí ọmọ mi ò fi lè jẹ ìṣẹ́kù mi?"

Mojí bi í. Bà Sáu nu ọwọ́ méjèèjì sí aṣọ, ó sọ̀rọ̀ pẹ́, kò sì gbé ohùn sókè. Ojú Mojí ń yí padà bó ṣe ń gbọ́.

"Màámi, wọ́n ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n làwọn ti ń ta oúnjẹ, kò sẹ́ni tó máa ń dá a padà báyìí. Wọ́n ní èyí tó dáa jù làwọn ń mú fún yín, òun gan-an lẹ sì máa ń tì kúrò. Wọ́n ní ẹni tí ò lè jẹ oúnjẹ tí ọmọ náà ń jẹ, kí ló máa fún un jẹ tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn?"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Níbẹ̀, abọ́ òfìfo ni ọpẹ́. Mojí mọ̀ ọ́n, ó ti ń jẹ abọ́ rẹ̀ mọ́ fónífóní láti ọdún méje, ó sì ti gbàgbé pé mi ò mọ̀. Ó bú sẹ́kún. "Ẹ̀bi mi ni, Màámi." Mo ní kó pa ẹnu mọ́, kó ṣàlàyé fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé ìkòkò amọ̀ yẹn, mo ti ń lá a lójú oorun, pé ìfẹ́ ló ń mú mi fi í sílẹ̀, kì í ṣe ìríra. Bà Sáu gbọ́ ọ tán. Ó wo pẹ́pẹ́yẹ, ó wò mí, ó wọlé lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a jókòó, abọ́ kan lé ní iye wa. Kékeré ni, òfìfo ni, Bà Sáu gbé e sáàárín èmi àti òun. Ó mú ẹja láti inú ìkòkò, ó fi sínú rẹ̀, ó sì tọ́ka sí mi. Mo fi tèmi náà kún un. Ó gbé e síwájú Morẹ́nikẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ rárá, ó wá nawọ́ sí abọ́ tèmi pé ó yá. Mo jẹ ẹ́ kan ìsàlẹ̀, kò ku hóró kan. Ojú tì mí bí ọmọdé tó jalè. Mi ò sì tíì gbé e sílẹ̀ tán tó fi bu òmíràn kún un.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù fún mi níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, a sì fi ṣe oúnjẹ. Mo jókòó tì í láàárọ̀, mò ń bá a já ewé. Èmi ò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi, síbẹ̀ a jọ ń sọ̀rọ̀ wa lọ, olúkúlùkù ń sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ Èkó, èmi náà ò sì tún bèèrè, torí mo rò pé ẹni tó bá ń kánjú bèèrè á gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ, ó di ẹja gbígbẹ sínú ẹrù mi, ó sì di ọwọ́ mi mú pẹ́. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí dé Sài Gòn.

Ọ̀sán ni mo dé Èkó. Awakọ̀ tó gbé mi gba Palmgrove, ó ń ṣàròyé nípa epo, etí mi gbọ́, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí ìrìn yìí kọ́ mi kò ju pé ìwà ọmọlúàbí ilé kan lè di àfojúdi ní ilé kejì láìsí ẹni tó jẹ̀bi, àti pé kí ènìyàn tó bínú, kó kọ́kọ́ bèèrè. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi pẹ́ kí n tó bèèrè.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ni fóònù dún. Mojí ni. Ó kí mi kú ewu ọ̀nà, mo sì ń gbọ́ ohùn Bà Sáu lẹ́yìn rẹ̀, ó ń yára sọ̀rọ̀.

"Màámi, wọ́n ní kí n bi yín léèrè nǹkan kan. Wọ́n ní ṣé àárọ̀ ni ẹja tútù máa ń dé sí Ìlàjẹ ni, àbí ìrọ̀lẹ́?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n ní tí àwọn àti An bá dé, àwọn fẹ́ mọ ìgbà tí àwọn máa jí."

Omi ti bo ojú mi.

"Sọ fún wọn pé àárọ̀ ni," mo ní. "Kí wọ́n má sì da ara wọn láàmú. Èmi ni màá jí wọn."