Géèmù Tí Mo Rà Nítorí Ìyàwó Mi

Láti ìgbà tí a ti wà ní yunifásítì ni ìyàwó mi ti ń nà mí nínú géèmù ìje mọ́tò. Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Àgbowó la ti pàdé. Ó di páàdì mú, àwa ọkùnrin tò sẹ́yìn rẹ̀, ó ń nà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi nìkan ni mo ń padà wá lójoojúmọ́ láti wá gba ìyà mi. Nígbà tí kò rọ́nà bọ́ lọ́wọ́ mi mọ́, ó fẹ́ mi. Ní báyìí irun mi ti ń funfun, mi ò sì tíì borí rẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí irú èyí máa dun àgbàlagbà, àmọ́ ó ń dùn mí.

Ìgbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti tún gbé géèmù náà jáde, inú mi dùn. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní rímásítà, àwòrán rẹ̀ nìkan ni wọ́n tún ṣe kó lè mọ́lẹ̀ dáadáa. Gbogbo kọ́nà ṣì wà níbi tó wà, bí ìgbà tí èèyàn kun ilé àtijọ́ ní Bódìjà lọ́dà tuntun. Èyí tí wọ́n ń pè ní rímèèkì ńkọ́? Wọ́n wó ilé náà palẹ̀ ni, wọ́n wá kọ́ òmíràn sójú ilẹ̀ kan náà. Rímèèkì ni mo fẹ́. Bí ọ̀nà bá yí padà, gbogbo ohun tí ìyàwó mi mọ̀ á di asán, àwa méjèèjì á sì jọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ń sá fún mi.

Ni mo bá gba Dùgbẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kún inú ṣọ́ọ̀bù náà, ojú sì ń tì mí láti yọ awò ojú mi jáde níwájú wọn. Mo mú páálí tí àwòrán rẹ̀ ń dán jù, mo sanwó, mo yan jáde bí ọ̀gá.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ní kí ìyàwó mi wá jókòó. Kò tilẹ̀ tíì bọ́ aṣọ funfun rẹ̀. Ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó mú páàdì. Kọ́nà àkọ́kọ́ ò tíì yọjú tó ti yà á. Mo yíjú wo páálí géèmù náà.

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ mú páálí náà, ó kà á. "Dádì, rímásítà lẹ rà. Ọ̀nà tiwa àtijọ́ náà nìyí."

"Mo mọ̀," ni mo wí. Irọ́ ni mo pa.

Ó nà mí, ó tún nà mí. Mo ní páàdì mi ò dáa, mo ní àga ò dáa, mo ní iná ò dúró dáadáa. Nígbà tó yá, mo dorí kodò, mo kàn ń tẹ páàdì. Ó wojú mi.

Nínú ìje tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ rẹ̀ ló wà níwájú bó ṣe máa ń rí, àfi bó ṣe dúró nígbà tó kù díẹ̀ kó débi ìparí. Ó gbé páàdì sílẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń yún òun, ó wá ń họ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ohun tó ń ṣe yé mi kedere. Ọkùnrin tó bá nítìjú ì bá dúró dè é. Èmi wa ọkọ̀ mi kọjá, mo fò sókè, mo sáré bọ́ síta, mo ń pariwo títí aládùúgbò wa fi yọjú lórí fẹ́ńsì, tí wọ́n ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Mo ti borí rẹ̀!"

Ìyàwó mi tẹ̀ lé mi jáde. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó ní kí wọ́n bá wa dúpẹ́.