Kànáfùrù Ló Fi Tan Eyín Mi Jẹ

Ọlọ́run kò fún mi lẹ́wà púpọ̀, àmọ́ ó fún mi ní èjí, mo sì mọyì ẹ̀. Nígbà tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀kan nínú eyín iwájú méjèèjì tó ṣe èjí yẹn, mo sáré lọ bá ọkùnrin kan tó ń dí eyín nítòsí réluwéè l'Ọ́fà. Àwọn ará ilé ọkọ àfẹ́sọ́nà mi ń bọ̀ wá mọ̀ wá, mo sì fẹ́ rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ọkùnrin yẹn! Kàkà kó ha ìdọ̀tí inú ihò náà kúrò, òwú tó ti rẹ sínú epo kànáfùrù ló kì bọ̀ ọ́. Ìrora dákẹ́ lọ́gán. Ó bá fi gọ́ọ̀mù dí i pa. "Àbúrò, máa rẹ́rìn-ín lọ. Ó di ọjọ́ alẹ́ kó tó yọ."

Kò yé mi pé ṣe ló ti kòkòrò mọ́lé pẹ̀lú oúnjẹ wọn. Lójú àwọn àna mi gan-an ni gọ́ọ̀mù náà ti jábọ́ sínú ẹ̀kọ tí mò ń jẹ, òórùn sì tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà mi fa imú sẹ́yìn. Wọn ò padà wá mọ́.

Mo gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn lọ. Níwájú àwọn oníbàárà ẹ̀ ló ti ní, "Pákò lo fi yọ ọ́, àbí egungun lo jẹ bí ajá?" Wọ́n fi mí ṣẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n yọ eyín náà tán lọ́sibítù, èjí mi di fèrèsé. Láti ìgbà náà, ìborùn ni mo fi ń bo ẹnu kí n tó rẹ́rìn-ín. Mo ń ṣépè fún un lẹ́yìn àdúrà àárọ̀. Kí Ọlọ́run má bínú.

Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí ọsibítù, mo bẹ̀ wọ́n pé ẹ̀ka eyín ni kí wọ́n fi mí sí. Dókítà wa máa ń sọ pé gọ́ọ̀mù tó ń lẹ eyín kì í pa kòkòrò. Ó máa ń súnkì díẹ̀díẹ̀, kòkòrò á sì gba etí ẹ̀ wọlé. Ó ní ó wu òun kí ẹnì kan po oògùn mọ́ gọ́ọ̀mù náà fúnra ẹ̀. Ó wu èmi náà, àmọ́ ẹnì kan ló wù mí jù kó wọlé.

Ó wọlé lóòótọ́. Ó ti di Alhaji, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú, eyín góòlù tó ṣe bọ̀ láti Mẹ́kà ń dán níwájú. Kò dá mi mọ̀. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Dókítà ṣí góòlù náà. Háà, òórùn! Abẹ́ ẹ̀ ti jẹrà pátá. Mo gbé góòlù náà sínú abọ́, mo gbé e síwájú ẹ̀, mo sì gbóhùn sókè kí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta lè gbọ́ dáadáa.

"Alhaji, pákò lẹ fi yọ ọ́, àbí ẹ jẹ egungun?"

Ó wò mí. Mo bọ́ ìbòmú mi, mo rẹ́rìn-ín, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi bo ẹnu ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, èmi ò bo tèmi mọ́.