Ààwẹ̀ Ogún Ló Ti Bá A Láyé

Nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, ẹnikẹ́ni ò béèrè ọjọ́ orí mi. Tíṣà ní kí n gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá kí n fi ọwọ́ kan etí òsì. Ọwọ́ kan etí, ó tún ṣẹ́ kù. Ó ní kí n wọlé. Bàbá mi tó mú mi lọ rẹ́rìn-ín, ó ní apá gígùn ni wọ́n máa ń bí nílé àwọn, kí ìwé ṣáà wọ orí náà ló kù. Kò sí ẹni tó sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn pé ìgbà kan ń bọ̀ tí etí ò ní tó ẹ̀rí mọ́.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ọwọ́ ló fi máa ń ṣe iṣẹ́ sí ọrùn agbádá, àwọn tó sì mọ aṣọ ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá a. Kò lówó, ṣùgbọ́n ó lórúkọ. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ní àdúgbò wa àti ní mọ́sálásí ni pé kì í purọ́. Bí aṣọ ò bá ní jáde kí Iléyá tó dé, á sọ fún oníbàárà lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé aṣọ fún télọ̀ rí mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Iléṣà ni mo ti lọ sí ilé ìwé girama, ilé ìwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, a sì ń gbé inú ọgbà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, èmi náà ò sì gbà fún wọn, nítorí wọ́n ń pe ilé ní "ulé", wọ́n ń pe iṣu ní "uṣu". Ẹsẹ̀ mi ló gbà mí sílẹ̀. Kí n tó lo ọdún kan tán, gbogbo ọgbà ti rí i pé kò sí ẹni tó lè bá mi dé òpin eré máìlì kan. Láti ọjọ́ náà ni "uṣu" ti wá di ohun tí wọ́n ń bù fún mi kún àwo.

Owó ilé ìwé náà wúwo fún bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, ó ti sọ fún mi pé kí n bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù mi díẹ̀díẹ̀. Àwọn òbí kan ló dá sí i. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, láti àwọn abúlé tó yí Iléṣà ká, àwọn kan láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Wọ́n fẹ́ràn eré ìje débi pé bí ilé ìwé mìíràn bá gba ife mọ́ wa lọ́wọ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun wọn. Àwọn ló ń gbé iṣu àti ẹyin wá fún àwa eléré, àwọn ló ń san owó ọkọ̀ bí a bá ń rìnrìn àjò. Wọ́n ní àwọn á máa san owó ilé ìwé mi níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń sá eré fún ilé ìwé náà. Bí eré bá tán, owó tán. Bàbá mi ò ní kòkó tí yóò fi dá tirẹ̀, nítorí náà ó rán ṣòkòtò péńpé fún gbogbo àwa eléré, funfun, ó fi ìlà pupa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rán ìsàlẹ̀ tèmi ní ìlọ́po méjì. Ó ní ẹni tó bá ń sáré jẹun ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ṣòkòtò ya mọ́ òun nídìí.

Òfin eléré ò kéré. Ọ̀gá ilé ìwé wa a máa kà á sí wa létí bí ẹni ń ka Bíbélì: eléré kì í mu sìgá, kì í fo ọgbà, kì í bú olùdíje, kì í purọ́. Ẹni tó bá purọ́ lórí pápá ti bọ́ aṣọ ilé ìwé yìí sílẹ̀, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Òfin ìdíje náà tún wà lọ́tọ̀: ẹni tó bá ti pé ogún ọdún ò gbọdọ̀ bá wọn sáré. Òfin dáadáa ni. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí ẹni tó ní ìwé ìbí láàárín wa. Ẹnu bàbá ọmọ ni ìwé ìbí.

Ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, ìyẹn ni pé ó ku ọdún kan kí n ṣe ìdánwò àṣekágbá, Òṣogbo ni wọ́n gbé ìdíje náà sí, ó sì bọ́ sínú oṣù ààwẹ̀. Èmi ò gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àáfà wa ti ní ẹni tó wà lẹ́nu ìrìn àjò lè san án padà tó bá yá. Bàbá mi ò sọ nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n nígbà tó dé etí pápá tó bá mi níbi tí mo ti ń mu gúlúkóòsì, ó yí ojú sí ibòmíràn. Aṣọ funfun ló wọ̀. Kò wá wo eré rí. Ó sọ fún ìyá mi pé òun fẹ́ wo bí ṣòkòtò òun ṣe ń sáré.

Ilé ìwé kan tí mo ti fi ẹ̀yìn eléré wọn balẹ̀ lọ́dún tó kọjá ti ń pète láti mú ẹjọ́ ọjọ́ orí mi wá, tíṣà tó jẹ́ ọ̀gá eré wa sì ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni, ó fẹ́ràn mi, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀. Ó pe bàbá mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo wà níbẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ààwẹ̀ o. Bí wọ́n bá bi yín, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni kí ẹ wí. Ohun tí a kọ sílẹ̀ fún un nìyẹn."

Bàbá mi wò ó. "Tíṣà, ṣé ẹ mọ̀ pé mo wà lẹ́nu ààwẹ̀?"

"Mo mọ̀, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí yín ni."

"Ẹ wá ní kí n purọ́ lé e lórí."

Ọ̀gá eré rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Èmi tí mo mọ bàbá mi mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Kí eré máìlì tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n mú ẹjọ́ náà wá. Àwọn adájọ́ ní ó dára, kí gbogbo bàbá tó bá wà lórí pápá wá sọ ti ọmọ rẹ̀, kí wọ́n má baà ní àwọn ṣe ojúsàájú. Bàbá kan jáde, ó ní ọmọ òun ò tíì ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ọmọ náà fá irùngbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, ó sì ti tún ń hù. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé ṣé ọjọ́ orí irùngbọ̀n náà ni bàbá ń sọ ni. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn adájọ́ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà fún un. Bàbá kejì, ìkẹta, ọ̀rọ̀ kan náà. Kò sí ẹni tó bímọ tó ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ ní gbogbo ilẹ̀ wa lọ́dún yẹn.

Ó wá kan bàbá mi. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sálásí. Ó ní kí wọ́n gbé Àlùkùránì wá. Wọ́n ní kò pọn dandan. Ó ní ó pọn dandan fún òun. Àáfà kan tó wá wòran yọ kékeré kan láti inú àpò rẹ̀, bàbá mi gbé ọwọ́ lé e.

Ó ní, "Inú oṣù ààwẹ̀ ni a bí ọmọ yìí. N kò jẹ́ kí ìkankan bọ́ lọ́wọ́ mi nínú kíkà. Pẹ̀lú èyí tí a wà nínú rẹ̀ yìí, ààwẹ̀ ogún ló ti bá a láyé."

Adájọ́ ní, "Ṣé ogún ọdún nìyẹn, bàbá?"

"Ogún ni."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀gá eré wa ń wo orí bàtà rẹ̀. Wọ́n ní kí n jáde kúrò nílà, kí n sì bọ́ ṣòkòtò ilé ìwé fún ẹni tó máa rọ́pò mi, nítorí ẹni náà ò mú tirẹ̀ wá. Mo bọ́ ọ lẹ́yìn igi kan. Ṣòkòtò tí bàbá mi rán ní ìlọ́po méjì ni ẹlòmíràn wọ̀ sá eré mi, ó sì ṣe ipò karùn-ún. Onírùngbọ̀n ló gba ipò kìíní.

Mo bínú sí bàbá mi débi pé mo ń payín keke. Mo fẹ́ kó purọ́. Mi ò ní fi nǹkan kan bo ọ̀rọ̀ yẹn: mo fẹ́ kó purọ́ bí bàbá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe purọ́, kí n lè padà sí kíláàsì mi. Kí èmi àti àwọn yòókù tó wọ ọkọ̀ padà sí Iléṣà, ó ní, "Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kó jẹ́ àṣedànù fún wa." Mi ò ṣe àmín.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní àwọn ò lè máa fi owó kòkó bọ́ àgbàlagbà tó ń sá pa mọ́ sáàárín àwọn ọmọdé. Ọ̀gá ilé ìwé ní mo ti purọ́ lórí pápá, òfin sì ní kí n máa lọ sílé bàbá mi. Mo ní èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé ọmọ ọdún báyìí ni mí, pé kí wọ́n bi ọ̀gá eré ẹni tó kọ mẹ́tàdínlógún sílẹ̀. Ọ̀gá eré wà níbẹ̀. Kò la ẹnu. Mo gbé àpótí mi, mo wọ ọkọ̀ padà sí Òṣogbo.

Nígbà tí mo wọlé, ìyá mi ń bó ẹ̀wà àkàrà tí a máa fi ṣínu. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, nítorí ohun tó ti gbọ́ ò ju pé bàbá mi sọ òtítọ́ lórí pápá, wọn ò sì jẹ́ kí n sáré. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi ẹ̀wà.

Ó ní, "Ta ló pé ogún ọdún?"

"Èmi ni, Ìyá. Bàbá fi Àlùkùránì sọ ọ́."

"Ìwọ kẹ̀? Oyún rẹ wà nínú mi tí wọ́n fi ń pariwo kiri pé ogun ti bẹ́ sílẹ̀ nílùú òyìnbó. Àwọn àgbẹ̀ ń ká kòkó lọ́wọ́ nígbà tí mo bí ọ, ogun náà ò tíì pẹ́. Èwo ni ogún ọdún níbẹ̀?"

Ọdún tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ wà nínú ìwé ìtàn tí a kà ní kíláàsì. Mo kà á síwájú, mo kà á sẹ́yìn. Mo ti pé ọdún méjìdínlógún, mo sì fi oṣù díẹ̀ lé e. Mọ́kàndínlógún pàápàá, mi ò tíì pé e.

Bàbá mi ò sì purọ́. Ààwẹ̀ ogún ló bá mi láyé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ka èyí tí wọ́n bí mi sínú rẹ̀ mọ́ ọn, bí gbogbo wa ṣe máa ń kà: láti ọjọ́ ọjà sí ọjọ́ ọjà, oorun mẹ́rin péré la ń sùn, ọrún la sì ń pè é. Ààwẹ̀ kì í sì í dúró de ọdún òyìnbó. Ọdọọdún ló ń fi ọjọ́ bíi mọ́kànlá ṣáájú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń bọ́ sígbà òjò, tó tún ń bọ́ sígbà ọyẹ́. Gbogbo àwọn tó purọ́ lọ́jọ́ náà ni wọ́n gbà gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó sọ òtítọ́ ló ṣì í.

Mo dìde. Mo ní kí ìyá mi jẹ́ ká jọ lọ sí Iléṣà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó wá sọ ohun tó sọ fún mi yìí fún wọn.

Ó ní, "Bàbá rẹ fi Àlùkùránì sọ ogún, èmi obìnrin wá dé, mo ní kì í ṣe ogún. Ta ni wọ́n máa pè ní onírọ́?"

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi ẹ̀wà.

"Lẹ́yìn Jímọ̀, lémọ́ọ̀mù fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe wáàsí. Àwọn èèyàn ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò ní ilẹ̀, kò ní kòkó. Ohun tó ní ò ju ìyẹn lọ. Má jẹ́ kó gbọ́ o, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́."

Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Mo bú sẹ́kún níwájú rẹ̀, èmi géńdé tó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó ti bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó fún mi ní abẹ́rẹ́.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo fi gba ìyókù ìgbà ọ̀dọ́ mi. Nígbà tó yá, mo fi ara mi kàwé, mo ṣe ìdánwò náà lẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo di akọ̀wé ìjọba, mo gba yàrá sí Ìgbónà, ní Òṣogbo náà. Èmi àti ìyá mi ò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́. Bàbá mi náà ò sọ ọ́. Mo rò pé kò ní ohun tó fẹ́ sọ ni.

Nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, bàbá mi wá síbi ìsọmọlórúkọ. Àáfà ti ṣàdúrà tán, wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Ó gbé ọmọ náà sórí itan, ó na apá rẹ̀ kékeré náà wò, ó ní apá ilé wa ni. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò wò mí lójú.

Ó ní, "Ọjọ́ òyìnbó ni kó o kọ sílẹ̀ fún eléyìí. Má fi ààwẹ̀ kà á."

Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ó wò mí, mo wò ó. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un, mi ò sì mọ iye ọdún tó ti fi ń gbé ọ̀rọ̀ náà sínú jókòó ti abẹ́rẹ́ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lójoojúmọ́.

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá." Ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́.