Mo bú àtẹ̀gùn níwájú ẹni tí kò yẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi di ẹnu mi yìí mú.

Láàárọ̀ yìí ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin lọ ṣe intafíù ní Hamburg. Iṣẹ́ títún ilé àtijọ́ ṣe ni. Ọ́fíìsì wọn fúnra ẹ̀ dà bí ààfin ọba: òpó ńláńlá, ère lára ògiri, àtẹ̀gùn òkúta tó ń dán. Wọ́n kọ "Neorenaissance", ìyẹn ọnà ìkọ́lé kan tó fara wé ti ayé àtijọ́, sára pátákó ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú orúkọ ayàwòrán-ilé tó yà á.

Èmi àti bàbá àgbà kan jọ ń gun àtẹ̀gùn. Bàtà mi yọ̀, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú.

Mo fi Jámánì mi sọ pé, "Ẹni tó ya àtẹ̀gùn yìí ò gbé àpò ìrẹsì gùn ún rí!"

Bàbá ní, "Bàbá bàbá mi ni."



Nígbà tí a dé òkè, àṣé bàbá yìí gan-an ni ọ̀gá tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yin ilé. Mo yin fèrèsé, mo yin òrùlé, àní mo yin ihò kọ́kọ́rọ́.

Bàbá dá mi dúró. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá mi ṣubú lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ẹni tó sọ òótọ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan dà?"

Mi ò tíì mọ èsì intafíù náà. Ẹ̀yin náà, kí lẹ̀ bá sọ?