Orúkọ Mi Lára Páálí Igbó Àìdáhùn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé eré mi lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní Ẹgbẹ́dá, ọ̀gá ibẹ̀ kò tíì wò ó tán tí wọ́n fi tì í padà sí mi. Alàgbà ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n. Bàbá Alàgbà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

"Iwin ni mo ń wò yìí, Sàídátù?"

"Iwin ni, sà. Eré lásán ni."

"Fi áńgẹ́lì rọ́pò rẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́."

Mo ní áńgẹ́lì kì í dènà de èèyàn nínú igbó. Inú bí mi débi pé n kò rántí kí wọn pé ó dàbọ̀.

Iṣẹ́ átíìsì ni mo ń ṣe. Èmi ni mo kọ púpọ̀ nínú pátákó tí ẹ ń rí lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù láti Ẹgbẹ́dá títí dé Àkáǹràn: orúkọ aránṣọ, orúkọ oníkẹ́míìsì, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ tèmi nìkan ni n kò rí kọ sára nǹkan kan, ó sì ń dùn mí. Nígbà tí mo wá gbé eré kan kalẹ̀ tí à ń fi dáìsì ta bíi lúdò, mo pinnu pé yóò jáde, orúkọ mi yóò sì wà lára páálí rẹ̀.

Mo pè é ní Igbó Àìdáhùn. Arìnrìn-àjò ni ọmọ eré kọ̀ọ̀kan, inú igbó ni wọ́n ń gbà relé. Bí ọmọ rẹ bá balẹ̀ sílé iwin, ẹni tí ẹ jọ ń ta á yóò pe orúkọ rẹ pẹ̀lú ohùn dídùn. Bí o bá dáhùn pẹ́nrẹ́n, iwin ti gbé ọ lọ nìyẹn. Gbogbo ẹni tí wọ́n tọ́ nílé wa ló mọ ìdí rẹ̀: bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ lóko, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn.

Ọdún ń gorí ọdún. Òǹtẹ̀wé kan nígboro Ìbàdàn fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ ló fẹ́ kọ sí i. Mo kó ẹrù mi. Nígbà tó yá, Bàbá Alàgbà ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí bí wọ́n ṣe ń ta á. Mo mú wọn lọ sí Ìjàyè, níbi tí wọ́n ti kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ dáhùn, sí oko ìyá tó bí bàbá mi, tí à ń pè ní Ìyá Oko.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn mú, ẹyẹ kan kò ké. A jókòó sábẹ́ àtíbàbà, oko ẹ̀gẹ́ yí wa ká. Bí mo ṣe ṣàlàyé òfin eré náà ni ojú Ìyá Oko yí padà.

"Ẹ má pe orúkọ èèyàn níbí lọ́sàn-án. Àwọn tí ogun bá níbí, wọn ò rí ẹni pè wọ́n sílé."

Bàbá Alàgbà rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Eré ni."

Ọmọ mi balẹ̀ sílé iwin. Bàbá Alàgbà fi ohùn dídùn pè mí: "Sàídátù!"

Mo panu mọ́.

"Oo!"

Inú ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn wa ni ohùn náà ti wá. Ohùn mi ni. Ó dáhùn bí mo ṣe máa ń dáhùn nígbà tí inú mi bá dùn. Ewé kan kò mì. Dáìsì bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Alàgbà.

"Ẹ má bojú wẹ̀yìn," Ìyá Oko sọ jẹ́jẹ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò pe orúkọ mi. "Ìwọ, má fọhùn."

Wọ́n mú wa dé etí títì. Kí a tó wọkọ̀, wọ́n ní bí mo bá máa ṣe eré yìí, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ rí ni kí àwọn èèyàn máa pè nínú rẹ̀.

Bàbá Alàgbà ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ títí a fi dé Ẹgbẹ́dá. Mo ti gbà pé wọn ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́.

"Màá tẹ̀ ẹ́," ni wọ́n ṣàdédé wí.

"Ẹ ní kí ni, sà?"

"Ohun tó bà mí lẹ́rù báyìí, àwọn èèyàn á rà á. Ṣùgbọ́n ṣe ohun tí Ìyá wí."

Mo wá jókòó, mò ń hùmọ̀ orúkọ sórí káàdì tí olúkúlùkù yóò mú kó tó ta eré náà, kí wọ́n lè máa fi pè é. Iṣẹ́ ńlá ni! Mo hùmọ̀ Òjìjídé, oníṣọ́ọ̀bù kan l'Ákáǹràn ní orúkọ àbúrò bàbá òun nìyẹn. Mo fà á ya, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku orúkọ ara páálí. Ìyá Oko ti ránṣẹ́ pé kí n má kọ ọ́: nǹkan yẹn ti mọ ohùn mi, kí n má jẹ́ kó tún rí orúkọ mi káàkiri ilé onílé. Ọ̀rọ̀ náà kó mi láyà sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Alàgbà bi mí, mo ní, "Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, sà. Ohun tó dáhùn nínú ẹ̀gẹ́ kò di búrọ́ọ̀ṣì mú rí."

Lọ́jọ́ tí àkọ́kọ́ jáde, wọ́n pa ẹ̀rọ, gbogbo ilé ìtẹ̀wé dákẹ́. Bàbá Alàgbà gbé páálí náà sókè, wọ́n sì ka ohun tí wọ́n kọ sí i síta: "Igbó Àìdáhùn. Láti ọwọ́ Sàídátù."

Mo tètè dáhùn, kí ẹlòmíràn tó bá mi dáhùn.